Ọkùnrin Tó Ń Wo Òrùlé

Ẹ̀gbọ́n mi kò lè wọ ilé kankan kó má kọ́kọ́ gbójú sókè. Ìbáà ṣe báńkì, ìbáà ṣe ilé àna ẹni, kó tó kí ẹnikẹ́ni, òrùlé ni yóò kọ́kọ́ wò. Káfíńtà òrùlé ni. Yóò gbé ẹsẹ̀ òsì lé ẹsẹ̀ ọ̀tún bíi lékelèké tó dúró sétí odò, yóò na ọwọ́ ọ̀tún sókè díẹ̀, yóò ya àtàǹpàkò sọ́tọ̀, yóò wá máa fi ojú wọn igi. Màámi a máa bá a wí. Wọ́n ní ẹni tó gbà ọ́ lálejò á rò pé ibi tí ilé òun ti ń jò lò ń wá. Ẹ̀rín ló máa ń fi dá wọn lóhùn.

Ọdún kejì tí mo dé Houston ló jábọ́ láti orí òrùlé gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Minna. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló gbé e wálé sí Ìkìrun, nínú pósí tí wọ́n ti kàn pa. Bàbá wa ti kú tipẹ́, àwa méjì péré sì ni Màámi bí. Ẹ mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa: ìyá kì í sin ọmọ. Màámi kò gbọdọ̀ rí òkú, wọn kò gbọdọ̀ mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Èmi àbúrò ló yẹ kí n wálé, kí n wo ojú rẹ̀, kí n sọ fún ilé pé òun ni, kí wọ́n tó gbé e sọlẹ̀. Mo ní mi ò lè wá. Mo ní ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde, pé bí mo bá fi ẹsẹ̀ kan kúrò ní Amẹ́ríkà, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́.

Irọ́ ni mo pa. Ìwé náà ti jáde láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ta táyà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Alief, àdúgbò kan ní Houston níbí. Mò ń tú táyà, mò ń lẹ̀ ẹ́, mò ń dì í padà. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ẹ bá mi mójú kúrò níbi tí mo bá ti kọ nǹkan tí kò gún.

Àǹtí kan wà nínú ìjọ wa, ìjọ aláṣọ funfun. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ìlú Katy ni wọ́n ń gbé, àmọ́ wọ́n á wa mọ́tò wá sí Alief ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ọdún méjì lẹ́yìn ikú ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n lọ kí ìyá wọn nílé. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n ní láti dúró de bàálù mìíràn ní Amsterdam fún odidi ọjọ́ kan. Ìwé Amẹ́ríkà ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n bá jáde lọ wo ìlú. Ìlú omi ni. Wọ́n gbẹ́ ọ̀nà fún omi yí ká gbogbo ìlú, ilé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ wá tò sétí omi náà, afárá ń tẹ̀ lé afárá. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan wà láàárín rẹ̀ tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Ibẹ̀ ni Àǹtí wọ̀. Wọ́n ya fọ́tò mẹ́rìndínlógún, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sórí WhatsApp ìjọ.

Mo jókòó nínú mọ́tò mi níwájú ilé iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń jẹ mọ́ínmọ́ín, mò ń fi ìka ti àwọn fọ́tò náà lọ. Mo dúró lórí ìkeje. Inú ṣọ́ọ̀ṣì náà ni, ó tóbi, ó ṣófo, ìmọ́lẹ̀ funfun kan ń wọlé láti ojú fèrèsé gíga. Pátákó ni wọ́n fi ṣe òrùlé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tẹ̀ kọrọdọ bí ikùn ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ọkùnrin dúdú kan dúró nídìí òpó kejì. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbé sókè díẹ̀, àtàǹpàkò yà sọ́tọ̀. Òrùlé ló ń wò.

Mo gbé mọ́ínmọ́ín náà sílẹ̀ lórí ìjókòó kejì.

Mo fi ìka fa fọ́tò náà kó tóbi. Bó ṣe ń tóbi ni ojú ọkùnrin náà ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, títí tó fi di kìkì àmì dúdú àti àwọ̀ ilẹ̀. Ajá bu ẹ̀gbọ́n mi jẹ létí nígbà tó wà lọ́mọdé, àpá rẹ̀ kò lọ. Lórí fọ́tò yìí, òpó ló bo etí náà. Mo dín in kù. Ó tún dúró síbẹ̀ bó ṣe máa ń dúró.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo dúró de Àǹtí lẹ́yìn ìsìn. Mi ò sọ ohun tí mo rí fún wọn. Mo kàn ní kí wọ́n sọ bí ṣọ́ọ̀ṣì náà ṣe rí fún mi. Inú wọn dùn pé ẹnì kan bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní ojú oórì ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀, pé òkúta sàréè ni wọ́n tò bí a ṣe ń to táìsì, pé orí àwọn òkú ni gbogbo èèyàn ń rìn. Bí àwọn ṣe rí i báyìí, àwọn bọ́ bàtà, bí a ṣe máa ń ṣe níwájú Olúwa. Ẹ̀ṣọ́ kan wá bá wọn.

“Ó ní kí n wọ bàtà mi. Mo ní, bàbá, òkú ló wà níbí yìí o. Ó ní òun mọ̀, kí n ṣáà wọ bàtà mi. Àtọjọ́ náà, ọmọ yìí, ẹsẹ̀ mi kò tíì móoru.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo wá na fóònù mi sí wọn, mo bi wọ́n ta ni ọkùnrin tó wà nídìí òpó.

Wọ́n wò ó. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún lára sùtánà, wọ́n tún wò ó.

“Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ lọ́jọ́ náà,” wọ́n ní. “Mo dúró títí gbogbo àwọn òyìnbó yẹn fi kọjá kí n tó yà á, torí mo fẹ́ kó ṣófo.”

Wọ́n ṣí fóònù tiwọn. Fọ́tò kẹfà, ibì kan náà ni: òpó, ilẹ̀, fèrèsé, kò sẹ́nì kan. Ìkẹjọ, bákan náà. Ìkeje nìkan ló ní èèyàn. Àǹtí ní bóyá ó kàn kọjá tí àwọn ò kíyè sí i. Wọ́n ní ká lọ jẹun, pé jọ́lọ́ọ̀fù ti ń tutù. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé wọn ò wo fóònù wọn mọ́ títí wọ́n fi lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í múra ìrìn àjò. Mi ò bi ara mi bóyá ó mọ́gbọ́n wá. Ọ̀gá mi, ará Ìjẹ̀bú, ló ni ilé táyà tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo tọrọ àyè ọjọ́ márùn-ún, ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, “Ìwọ tí o ò dé Galveston tó wà nítòsí yìí rí, Amsterdam? Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lójú títì Bissonnet, kò sí ọ̀kan tó tó ọ?” Ó bi mí bóyá obìnrin ni. Mo ní rárá. Ó ní bí kì í bá ṣe obìnrin, a jẹ́ pé nǹkan tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ ni.

Ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, mo máa ń jókòó sórí táyà, mo máa ń ṣí àwòrán ilẹ̀ lórí fóònù. Ó ní ọ̀nà kan tí ẹ lè gbà rìn nínú ìlú náà bí ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹ ó máa tẹ ojú títì, ẹ ó máa lọ síwájú. Mo jáde ní ibùdókọ̀ rélùwéè, mo gba orí afárá àkọ́kọ́, mo yà sápá òsì, mo gba ẹ̀gbẹ́ omi títí mo fi rí ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà láàárín àwọn ilé. Ó tó ìgbà ogún tí mo rin ọ̀nà yẹn láìkúrò ní Alief. Àwọn tó ya àwòrán náà fi kùrukùru bo ojú gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀. Èèyàn ń rìn, èèyàn ń gun kẹ̀kẹ́, èèyàn jókòó sétí omi, kò sí ẹni tó ní ojú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo bí wọ́n ṣe dúró. Mò ń wo ẹsẹ̀ wọn.

Mo ra ìwé ìwọlé ṣọ́ọ̀ṣì náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní kí n mú ọjọ́, kí n mú wákàtí. Mo mú aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, torí lójú tèmi ìmọ́lẹ̀ inú fọ́tò náà jọ ti ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní ẹni mélòó. Mo tẹ ẹnì kan.

Fọ́ọ̀mù físà ló fẹ́ dá mi dúró. Ibi tí wọ́n ti bèèrè ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe, mo kọ pé mo fẹ́ lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ wọ́n tún bèèrè bóyá mo ní ẹbí kankan ní ìlú wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi fi àyè yẹn sílẹ̀. Mo máa ṣí i lówùúrọ̀, mo máa tún pa á dé. Nígbà tó yá, mo kọ pé rárá. Bí mo ṣe kọ ọ́ tán, ó ṣe mí bíi pé mo tún ti sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i. Obìnrin tó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi ní ọ́fíìsì físà bi mí pé kí ló wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà tí mo fẹ́ wò. Mo ní òrùlé. Ó ní ṣé kọ́lékọ́lé ni mí. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni.

Wọ́n fún mi ní físà náà.

Títí di ìgbà yẹn, Màámi kò tíì mọ nǹkan kan. Mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, tí ọ̀sán ti pọ́n nílé lọ́dọ̀ wọn, mo fi fọ́tò keje ránṣẹ́ sí wọn. Mo kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì kan tí mo fẹ́ lọ wò nìyí. Mi ò kọ nǹkan míì. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ojú mi nìkan ló ń ṣe mí.

Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n pè.

“Ta ló ń wo òrùlé yẹn?” wọ́n ní.

Mò ń gbọ́ èémí wọn. Adìẹ ẹnì kan ń ké lẹ́yìn wọn.

“Ìwọ lo fi ránṣẹ́ sí mi. Ta ni?”

Mo ní mi ò mọ̀, maa. Mo sọ bí fọ́tò náà ṣe dé ọ̀dọ̀ mi, mo sọ ohun tí Àǹtí sọ. Wọn ò sunkún. Wọ́n ní àwọn ń lọ sọ́dọ̀ bàbá kékeré. Àbúrò bàbá wa nìyẹn, òun ló dúró sin ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tún pè. Ohùn wọn tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n ní bàbá kékeré kò ṣí pósí náà. Ó ní àbúrò òkú ló yẹ kó ṣí i. Àwọn dúró dè mí di ọjọ́ kejì, nígbà tí mo ní mi ò lè wá, àwọn gbé e sọlẹ̀ bó ṣe wà.

“Kò sẹ́ni tó rí ojú ọmọ mi,” ni Màámi wí.

Sùtánà ti wà lọ́rùn mi, apá kan ti wọlé, èkejì kò tíì wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dúró láàárín yàrá. Ọdún méjì ni gbogbo wa fi sọ pé ó ti kú, torí oníkálukú wa rò pé ẹlòmíì ti wò ó.

Àwa Yorùbá ní orúkọ tí a ń pe ẹni tó kú níbì kan tó tún wá ń gbé níbòmíràn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Màámi kò pe orúkọ yẹn, èmi náà kò pè é. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi ní ìtọ́ni. Wọ́n ní bí mo bá dé ibẹ̀, kí n má pè é o. Kí n má sún mọ́ ọn. Kí n dúró sẹ́yìn òpó, kí n wò ó bóyá ó ti sanra, bóyá aṣọ tó wọ̀ nípọn tó òtútù ibẹ̀, kí n sì yíjú padà kó tó rí mi. Wọ́n ní irú wọn kì í dúró síbi tí ẹni tó mọ̀ wọ́n bá ti rí wọn, pé wọ́n á ká ẹrù wọn, wọ́n á sì tún lọ, a kì í sì í mọ ibi tó kàn. Ohùn wọn máa ń fúyẹ́ tí wọ́n bá ń sọ ọ́, bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ sí ìlú òkèèrè.

Ẹ̀rù ohùn yẹn bà mí ju ti fọ́tò lọ.

Torí èmi kò fẹ́ wò ó lókèèrè. Ìdọ̀bálẹ̀ ni mo fẹ́ lọ dọ̀bálẹ̀, lórí òkúta sàréè àwọn ará ibẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé mo ní ìwé lọ́wọ́ nígbà náà. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, bí ohun tí Màámi gbà gbọ́ bá jẹ́ òótọ́, èmi ni mo máa lé e kúrò níbi tó sinmi sí. Màámi á wá pàdánù rẹ̀ tán pátápátá.

Ọ̀sẹ̀ kan ló kù kí n gbéra nígbà tí wọ́n bi mí ní ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n ti bi mí tipẹ́. Mo wà nínú mọ́tò, ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé tí mo háyà, oòrùn ń gbóná lórí gíláàsì. Wọ́n ní ìgbà wo ni ìwé ìgbélùú mi jáde.

Mo lè sọ pé ó jáde lọ́dún tó kọjá. Wọn ò ní mọ̀ láé.

“Ó ti jáde nígbà yẹn, maa,” mo ní. “Kí ẹ̀gbọ́n mi tó jábọ́. Ó wà lọ́wọ́ mi.”

Mi ò dúró kí wọ́n fèsì. Mò ń sọ̀rọ̀ lọ. Mo ní kì í ṣe iṣẹ́ ló dá mi dúró, kì í ṣe owó ọkọ̀. Mo ní wọ́n sọ fún mi pé orí ló fi balẹ̀, mo sì mọ̀ pé èmi ni wọ́n máa ní kó ṣí pósí. Ojú rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ojú yẹn ni màá máa rántí.

Màámi jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“Ìwé tí kò jẹ́ kí o wá sìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ, ìwé yẹn náà lo fẹ́ fi lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Ẹ jọ̀ọ́, maa.”

“Má lọ mọ́,” wọ́n ní. “Bí o bá lọ tí o ò bá a, o ti pa á lójú mi. Bí o bá lọ tí o bá a, wàá lé e lọ. Mo mọ̀ ọ́, o ò ní lè dákẹ́. Ìgbà tó yẹ kí o lọ wo ojú rẹ̀, o ò lọ. Fi í sílẹ̀ níbẹ̀.”

Wọ́n gé fóònù. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọn ò gbé e nígbà tí mo pè. Mo lè lọ o. Físà wà, bàálù wà, ọ̀gá ti fún mi láyè. Mo gbé àpótí sórí bẹ́ẹ̀dì, mo kó aṣọ sí i, mo tún kó o jáde. Lọ́jọ́ tó yẹ kí n gbéra, mo lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀gá rí mi, kò bi mí nǹkan kan, ó kàn nawọ́ sí mọ́tò kan tó ti dúró.

Lọ́jọ́ tí mo mú fún ṣọ́ọ̀ṣì náà, aago mẹ́rin tiwọn jẹ́ aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ tiwa. Mo mọ̀ ọ́n sórí. Mò ń tú táyà ẹ̀yìn tí aago náà lù, ọwọ́ mi ò dúró. Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù nígbà tí fóònù mi dún. Lẹ́tà ni, láti ṣọ́ọ̀ṣì náà. Wọ́n dúpẹ́ pé mo wá. Wọ́n bi mí bóyá mo gbádùn àbẹ̀wò mi.

Mo ṣí ìwé ìwọlé tí mo rà. Láti ọjọ́ tí mo ti rà á, àwọ̀ ewé ló ní. Ó ti di àwọ̀ eérú. Wọ́n kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé a ti lò ó.

Mo fi han ọ̀gá. Ó ní ẹ̀rọ ni, pé gbogbo ẹni tó rà á ni wọ́n ń fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí, ìbáà lọ, ìbáà má lọ, pé bí àkókò bá ti kọjá, wọ́n á pa àwọ̀ rẹ̀ dà. Ó ní kí n wá gbé jáákì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi náà fẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí mo ṣe ń ti jáákì bọ abẹ́ mọ́tò, mo rí i pé mo ti gbójú sókè, mò ń wo páànù òrùlé ilé iṣẹ́ wa, níbi tí mi ò wò rí láti ọdún tí mo ti wà níbẹ̀.

Màámi gbé fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo sọ fún wọn pé mi ò lọ. Mi ò fẹ́ fi nǹkan kan pamọ́ fún wọn mọ́, mo bá sọ ti lẹ́tà náà pẹ̀lú, mo sọ ti àwọ̀ tó yí padà, mo sọ ohun tí ọ̀gá wí. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

“Ẹni mélòó ni wọ́n kọ pé ó wọlé?” wọ́n bi mí.

“Ẹnì kan ni, maa.”

“Ẹnì kan,” ni wọ́n wí, ohùn wọn tún fúyẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bí mo ṣe máa ń sọ fún wọn lójoojúmọ́ kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì jáde tán lẹ́nu mi tí mo fi yí i padà. Mo ní rárá, maa, mi ò tíì jẹ nǹkan kan láti àárọ̀.